Àlejò Ọdún Ẹgbàá àti Màmúdù Ayàwòrán

Ọkọ mi, Nọ́fíù télọ̀, kò lè la ẹnu kó má sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1957 ni, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ládi, ọmọ Afọlábí tó ń ta ìṣó, sọ̀kalẹ̀ nínú rélùweè Èkó ní Ìfọ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré kan tó gbé mọ́ àyà. Kámẹ́rà ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ya sinimá. Ládi ti bá Òyìnbó kan kiri ìlú púpọ̀, tí wọ́n ń fi sinimá han àwọn ènìyàn. Nígbà tí Òyìnbó náà ń lọ sílé, ó fi kámẹ́rà ògbólógbòó yìí ta á lọ́rẹ, nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé mọ́. Ládi fi okùn bàtà dè é, ó bá gbé e wá sílé.

"Mo fẹ́ ṣe sinimá," ó wí fún wa ní ṣọ́ọ̀bù Nọ́fíù. "Kì í ṣe ti Òyìnbó tó ń gun ẹṣin o. Tiwa ni."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀?" ọkọ mi bi í.

"Ọkùnrin kan wà ní ọdún ẹgbàá."

"Ọdún ẹgbàá! Ṣé ayé á ṣì wà?"

"Ó wà, Bọ̀dá Nọ́fíù. Ọkùnrin yìí rí àwòrán kan, àwòrán náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé kò rí oorun sùn. Ó bá kan ọkọ̀ kan, ọkọ̀ tí kì í rin ọ̀nà Èkó, tí kì í rin ọ̀nà Abẹ́òkúta. Inú ọdún ló ń rìn. Ó wọ inú ẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó wá bá wa níbí lónìí, kó lè fojú kan ẹni tó ya àwòrán náà."

Nọ́fíù gún abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fìlà.

"Gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ayàwòrán ló fẹ́ rí? Kí ló dé tí kò wá kí ọba?"

"Kò sẹ́ni tí kì í kí ọba," Ládi dá a lóhùn. "Ta ló ń kí ayàwòrán?"

Bọ̀dá Ṣàràfá, tó ní bọ́lẹ̀kájà méjì, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá wọn ṣòkòtò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun ní lọ́rì kan tó ti kú lórí òkè lẹ́yìn ilé òun. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti di igi ìdáná, orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló kù. Bí Ládi bá fẹ́ fi í rin inú ọdún, kó máa rìn.

Ọkọ̀ ti wà, ó ku ẹni tí wọ́n máa gbé sínú ẹ̀. Kí Ládi tó yẹjú wò wá, ọkọ mi ti dìde dúró.

Ayàwòrán kò nílò ìwákiri ní tirẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo la ní. Màmúdù ni, tí èmi máa ń pè ní Bàbá Kúlúsúmù, nítorí ó jù wá lọ. Kò sí ọkọ̀ tó ń gba Ìfọ̀ lọ sí Ìbògùn tàbí Òkè-Aró tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára. Ẹranko ló máa ń yà, gbogbo ẹranko rẹ̀ ló sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹkùn ń rẹ́rìn-ín, idì ń rẹ́rìn-ín, ejò tó lọ́ mọ́ igi pàápàá ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tó rí ọkọ tó ti àjò dé. Àwọn awakọ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹkùn Màmúdù kò lè lé adìẹ. Màmúdù kì í fèsì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì jẹ́ pé ọ̀dà ló máa ń wò, kì í wo ojú ènìyàn.

Ó wà ní Pápáláńtó níbi tó ti ń kun ilé kan ní gbogbo àsìkò tí à ń gbèrò sinimá. Ọjọ́ tó dé gan-an ni Ládi lọ bá a lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀.

"Ẹ má ṣe nǹkan kan, bàbá," ó wí. "Ẹ kàn máa ṣiṣẹ́ yín. Ẹnì kan á wá bá yín sọ̀rọ̀. Kí ẹ dá a lóhùn, ó tán."

"Ta lẹni náà?"

"Àlejò ni, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀."

Ládi rò pé òun ti ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ lẹni tó mú ọtí wá síbi ìkómọ Mùsùlùmí rò pé òun ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ ya sinimá, Nọ́fíù fi aṣọ agbòjò dúdú rán agbádá kan. Ó dé abọ́ páànù tí mo fi ń fọ ìrẹsì. Ó wọ awò ńlá tí àwọn alálùpùpù máa ń fi bo ojú, ó sì fi ẹfun kun gbogbo ibi tó kù lójú rẹ̀, nítorí ó ní ojú ará ọdún ẹgbàá kò lè rí bí ojú wa. Nígbà tó jáde, ọmọ wa, Ṣàmsúdéènì, bú sẹ́kún, ó sá lọ sílé ìyá àgbà.

"Kámẹ́rà yìí dití o," Ládi kìlọ̀ fún un. "Kì í gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kàn máa mi ẹnu."

Nọ́fíù mi orí pé òun gbọ́. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹnu rẹ̀.

Wọ́n da ewé tútù sórí iná lábẹ́ lọ́rì lórí òkè, èéfín bo gbogbo ẹ̀. Gbogbo Ìfọ̀ ti pé jọ, àwọn kan gun igi. Nọ́fíù sọ̀kalẹ̀ nínú èéfín, ó ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀ lábẹ́ awò, ó ń tẹsẹ̀ gígùn-gígùn bí lékeléke. Ó sọ̀kalẹ̀ òkè títí ó fi dé iwájú Màmúdù, tó ń ya kìnnìún sára lọ́rì tuntun tí Bọ̀dá Ṣàràfá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ládi ń tẹ̀ lé e, ó ń yí kámẹ́rà.

"Màmúdù ayàwòrán!" ọkọ mi fi imú pariwo. "Láti ọdún ẹgbàá ni mo ti wá kí yín!"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Màmúdù. Ó wo èéfín lókè, ó wo agbádá tó ń dán, ó wo abọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ fún Nọ́fíù rí, orí rẹ̀ wú.

"Ẹ dìde," ó wí. "Ayé mọ̀ yín lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ́ ilé ńlá kan, àwòrán yín nìkan ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ènìyàn ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti wò ó. Bí wọ́n bá ti rí ẹ̀rín ẹkùn yín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà ń kó aláìsàn lọ síbẹ̀!"

"Aláìsàn?" Ohùn Màmúdù kéré.

"Wọ́n ń gbádùn! Ọwọ́ ọ̀tún yín yìí, ìṣúra ayé ni. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é."

Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, inú Nọ́fíù sì túbọ̀ ń dùn. Kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó yíjú sí wọn.

"Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́! Ní ọdún ẹgbàá, Mówè àti Ìbàfò á kún fún ilé. Ilé á so mọ́ ilé títí dé Èkó. Àwọn ènìyàn á máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti Mówè lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó!"

Ọ̀rọ̀ yìí ló pa wọ́n. Ọkùnrin kan já bọ́ látorí igi.

"Mówè!" ni wọ́n ń pariwo. "Níbi tí ọ̀yà ti ń ṣe baálẹ̀!"

Màmúdù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ládi kígbe pé ó tó, tí ọkọ mi sì padà sínú èéfín, mo rí bàbá náà tó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàfísátù, ìyàwó rẹ̀, wọlé tọ̀ mí wá. Kò jókòó.

"Ìyá Ṣàmsú, kí lọkọ yín sọ fún ọkọ mi?"

"Eré ni o, Ìyá Kúlúsúmù. Sinimá ni."

"Ó ti fi òwú àti táwẹ́ẹ̀lì di ọwọ́ rẹ̀. Àlùwàlá nìkan ló ń tú u fún. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ó ní òun kò lè fi òsì jẹun, òun kò sì lè ki ìṣúra ayé bọ inú ọbẹ̀ gbígbóná."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà mí láàyè.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán sílé. Màmúdù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kìnnìún tó wà lára lọ́rì tuntun ní orí, ó ní irun ọrùn, ó ní ẹsẹ̀ iwájú méjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sẹ́yìn, pákó lásán ni. Bọ̀dá Ṣàràfá gbé ọkọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan. Kó tó dé ojú irin rélùweè, àwọn ènìyàn ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá inú ẹ́ńjìnnì ni ìdí kìnnìún wà. Ó yí padà. Ó gbé ọkọ̀ sílé, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wa.

"Nọ́fíù, ìwọ lo gé kìnnìún mi sí méjì. Ìwọ ni wàá rán an pọ̀."

Ọkọ mi gbà pé òun jẹ̀bi. Ó di agbádá agbòjò, abọ́ àti awò sínú àpò, ó lọ bá Màmúdù lábẹ́ àtíbàbà. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Kúlúsúmù, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni àlejò ọjọ́sí. Kò sí ọdún ẹgbàá kankan."

Màmúdù gbójú sókè wò ó.

"Ìwọ Nọ́fíù?" ó wí. "Rárá. Ọkùnrin yẹn ga jù ọ́ lọ. Ó sì gbọ́n."

"Aṣọ náà rèé, bàbá! Ẹ wò ó!"

Màmúdù fi ọwọ́ òsì gbé agbádá náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn, ó sì dá a padà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó wá fi aṣọ rẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa o. Ó lè padà wá."

Nọ́fíù kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Nígbà tí a délé, mo ronú sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ará ọdún ẹgbàá ló ba nǹkan jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó jù ú lọ ló lè tún un ṣe. Mo ní èmi á lọ gẹ́gẹ́ bí obìnrin ọdún ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Mo máa sọ fún un pé ní tiwa lọ́hùn-ún, ìdí kìnnìún yẹn la fẹ́ràn jù, kó tètè yà á. Ládi fò sókè. Ó ní fíìmù ṣì kù nínú kámẹ́rà, ó sì ti ń wá bí sinimá náà á ṣe parí.

Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn funfun wé ara, mo sì gún ṣíbí kiri inú irun mi títí orí mi fi rí bí òòrẹ̀. Mo gun orí òkè, mo wọ inú lọ́rì. Wọ́n da ewé sórí iná.

"Ìyá Ṣàmsú, ẹ jókòó pinpin," Ládi ké láti ìsàlẹ̀ òkè. "Bọ̀dá Ṣàràfá, ẹ mì ín díẹ̀, kó dà bí ẹni pé ó ń fò!"

Bọ̀dá Ṣàràfá kì í ṣe nǹkan díẹ̀. Ó fi èjìká ti imú ọkọ̀. Mo gbọ́ tí òkúta tí wọ́n fi há táyà ẹ̀yìn ró kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ojú Bọ̀dá Ṣàràfá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Mo rò pé òun ló ń padà sẹ́yìn. Èmi ni.

Ọkọ̀ náà fi ìdí sọ̀kalẹ̀ òkè. Adìẹ fò, ewúrẹ́ sá, obìnrin kan tó gbé ìsáàsùn jù ú sílẹ̀, ó fọ́. Mo rí àtíbàbà Màmúdù tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí òun náà tó jókòó lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi bí irọ̀rí. Mo rántí pé mo ní iṣẹ́ tí mo wá jẹ́.

"Ọdún ẹgbẹ̀ẹ́dógún ní kí n kí yíín!" mo pariwo bí mo ṣe ń kọjá. "Ìdí kìnnìúúún!"

Lẹ́yìn ìyẹn, omi. Kòtò tí àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí láti fi ṣe fùfú ló gba èmi àti ọkọ̀. Ẹ̀gẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mi ò ní ṣàlàyé òórùn rẹ̀ fún yín, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi ni Màmúdù. Ó bẹ́ sínú omi tàṣọ-tàṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà mí gba ojú fèrèsé. Táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ léfòó lójú omi láàárín ẹ̀gẹ́.

"Ìyá Ṣàmsú, ṣé egungun kankan ò ṣẹ́?"

Mo ṣì ń rò pé mo lè gba eré náà là. Mo fi imú sọ̀rọ̀.

"Èmi kì í ṣe Ìyá Ṣàmsú. Láti ọdún ẹgbẹ̀ẹ́dógún ni mo ti wá."

Ó na ọwọ́, ó yọ ṣíbí kan nínú irun mi, ó wò ó.

"Ṣíbí tí ẹ yá lọ́wọ́ ìyàwó mi nígbà Iléyá nìyí."

A jókòó sí etí kòtò, omi ń ro lára wa méjèèjì. Nọ́fíù, Ládi, Bọ̀dá Ṣàràfá àti Hàfísátù ti sáré dé, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Mo ti mọ̀," Màmúdù wí. "Nígbà tí Nọ́fíù gbé agbádá yẹn wá ni mo mọ̀. Apá kan gùn ju ìkejì lọ. Kò sí télọ̀ mìíràn tó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀, bóyá ní ọdún yìí tàbí ọdún ẹgbàá."

"Ẹ mọ̀?" Hàfísátù fi ọwọ́ lérí. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa fún yín lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́?"

"Ó dùn mọ́ mi," ó wí, ojú sì ń tì í. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń ya àwòrán nílùú yìí. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ fún mi pé ẹkùn mi kò lè lé adìẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì wí fún mi pé iṣẹ́ mi dára. Abọ́ ìfọrẹsì ló dé, irọ́ ló sì ń pa. Ṣùgbọ́n mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ kí n tó tu ú dànù."

Ojú tì wá, ẹ̀gẹ́ sì ń rùn lára mi.

Bọ̀dá Ṣàràfá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ọkùnrin tó máa ń pariwo sí awakọ̀ láti òpópónà kan dé ìkejì ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa lọ́jọ́ náà.

"Ẹ wò ó, bàbá. Bí mo bá jí láàárọ̀, tí mo bá jáde, ẹkùn tí ẹ yà sára ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kò sẹ́lòmíràn tó ń rẹ́rìn-ín sí mi láàárọ̀." Ó fọwọ́ nu imú. "Mo máa ń kí i ni. Ẹ má sọ fún àwọn awakọ̀ mi."

"Kí lẹ máa ń wí fún un?" Màmúdù bi í.

"Mo máa ń ní, ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

Màmúdù rẹ́rìn-ín débi pé ó dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó béèrè ibi tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Kí oòrùn tó rọ̀, kìnnìún náà ti ní ìdí, ìdí tó tóbi, tó yọ sókè, pẹ̀lú ìrù tó ká bí òrùka. Èmi ò mọ iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n mo lè sọ pé ìdí náà gan-an ń rẹ́rìn-ín.

Ládi gbé fíìmù náà lọ sí Èkó kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ó yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé sinimá sójú aṣọ, bátìrì lọ́rì tuntun Bọ̀dá Ṣàràfá ló fi tàn án. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, nínú yàrá ńlá kan tí wọ́n ń kó obì sí. A fi àpò dí gbogbo fèrèsé pa, gbogbo Ìfọ̀ tún há síbẹ̀, a ń làágùn.

Apá àkọ́kọ́ jáde. Èéfín. Èéfín púpọ̀. Lẹ́yìn náà, agbádá dúdú kan tó ń rìn, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ládi ti ge orí ọkọ mi kúrò.

"Orí mi dà?" Nọ́fíù kígbe nínú òkùnkùn. "Ládi, gbogbo ẹfun yẹn!"

Ṣùgbọ́n apá kejì mọ́ gaara bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Lọ́rì ń sọ̀kalẹ̀ òkè, adìẹ ń fò, èmi wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lórí, mò ń la ẹnu. Màmúdù ń sáré tẹ̀ lé mi, táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Omi ta sókè. Àwọn ènìyàn lu ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní kó tún un gbé. Ó tún un gbé. Wọ́n ní kó tún un gbé. Ó rẹ Ládi láti máa ká fíìmù náà padà, ó bá kúkú yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn.

Lójú aṣọ, omi kòtò kó ara rẹ̀ jọ, ó pa ẹnu dé. Ọkọ̀ jáde nínú rẹ̀ ní gbígbẹ, kò sí ẹni tó tì í, ó ń gun òkè. Ìsáàsùn tó fọ́ di odidi, ó fò padà sọ́wọ́ obìnrin rẹ̀. Màmúdù ń sáré sẹ́yìn títí ó fi jókòó jẹ́jẹ́ sábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú táwẹ́ẹ̀lì.

"Háà," Nọ́fíù wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ohun tí Ládi ń sọ nìyẹn. Wọ́n ti padà sẹ́yìn."

"Èmi ò fẹ́ padà síbẹ̀ yẹn," Hàfísátù wí. "Mo ti fún un lóúnjẹ tó."

Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọkọ̀ náà ń falẹ̀ lórí òkè, ó ń falẹ̀, ó sì ṣókùnkùn pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀. A ṣílẹ̀kùn, oòrùn ta sí wa lójú. Bọ̀dá Ṣàràfá lọ wá àwọn tó máa bá a ti lọ́rì tuntun rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó lè jí, ó sì di dandan fún wọn láti fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí kìnnìún yẹn kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tì. Màmúdù dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n rọra o, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kùn láàárọ̀ ni, ọ̀dà ibẹ̀ kò tíì gbẹ tán.